Ẹ wádìí ohun tó wà nínú ilẹ̀ kẹ́ẹ tó gbẹ́ kòtò wáyà tẹlifóònù l'Àjàṣẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí síbi tí àwọn èèyàn á ti rí i kà, pàápàá àwọn ará mẹ́rì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wa, àtàwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ń dùn mí gan-an, mo sì mọ̀ pé àwọn tó wà ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ náà ń rí irú ẹ̀ ládùúgbò tiwọn.

Ọ̀rọ̀ kòtò wáyà tẹlifóònù ni, ìyẹn wáyà oníbàbà tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi títí mo fi lọ rẹ̀tírẹ́ẹ̀tì, ayé OPT, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí pósítà àti tẹlifóònù, ni mo wọ ibẹ̀, kó tó di pé ìjọba pín in sí méjì lọ́dún 2004 tí pósítà dá dúró tí Bénin Télécoms náà dá dúró. Àwọn kan á ní kí ló tún kù táa fẹ́ sọ nípa wáyà bàbà, ṣebí fíbrù, wáyà oníjígí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀, ló gbòde báyìí. Òótọ́ ni, fíbrù ti gba iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ ilé ìwé tó fẹ́ so ọ́fíìsì ọ̀gá mọ́ ilé kejì, ilé ìwòsàn, òtẹ́ẹ̀lì, ilé iṣẹ́ tó ní ọgbà ńlá, bàbà lọ̀pọ̀ wọn ṣì ń rì mọ́lẹ̀ láti ilé kan sí èkejì, àwọn wáyà àtijọ́ náà ṣì wà nísàlẹ̀ ibi táà ń tẹ̀ yìí, àwọn tó sì ń gbẹ́lẹ̀ nítorí fíbrù, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbẹ́, ewu kan náà ló wà níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé nìyí. Nínú oṣù kẹfà, agbaṣẹ́ṣe kan kó àwọn ọmọ wá sí òpópónà wa, ilé iṣẹ́ tó rán wọn níṣẹ́ mi ò ní dárúkọ ẹ̀, wọn ò rí olórí àdúgbò, wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló wà nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ píọ́ọ̀ṣì, irin ìgbẹ́lẹ̀ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, lulẹ̀ bí ẹni ń wa iṣu, wọ́n gbẹ́ òpópónà láti ìkángun dé ìkángun lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà tí wọ́n sì ní lọ́wọ́ ò tó ìdajì ẹ̀, ni wọ́n bá bá tiwọn lọ. Òjò dé. Kòtò kún fún omi, omi ọ̀hún pupa, ilẹ̀ náà pupa, téèyàn bá wò ó nídàájí á rò pé ilẹ̀ tó tẹ́jú ni. Ibẹ̀ ni ìyá kan tó ń gbé ẹ̀kọ lọ sọ́jà Ouando já sí, ẹsẹ̀ ẹ̀ kán, ẹ̀kọ ẹ̀ bómi lọ, títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí kò tíì padà sídìí ọjà ẹ̀. Nígbà táa rí ọ̀gá wọn, ó ní òun ò mọ̀ pé òjò á rọ̀. Oṣù kẹfà la wà o! Kò sẹ́ni tí wọ́n bí síbí tí ò mọ̀ pé oṣù òjò ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbọ́ táwọn aládùúgbò ń kìlọ̀ fáwọn ọmọ wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan wáyà náà kí iná má bàa gbé wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ gan-an ni ikú wà. Wáyà tẹlifóònù, bíi 48 fóltì ló ń gbé tẹ́nikẹ́ni ò bá pè, tí aago ẹ̀ bá ń dún ó lè tó 75 sí 90, ìyẹn á ta èèyàn, pàápàá tọ́wọ́ bá tutù, kò sì yẹ kéèyàn fi ṣeré. Ṣùgbọ́n iná tó wọ ilé wa jẹ́ 220, èyí tó ń lọ sídìí tíránsífọ́mà jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan náà sì ni gbogbo wọn ń gbà. Ọmọ tó ń gbẹ́lẹ̀ fún tẹlifóònù, wáyà iná ló máa pa á. Bí kì í bá ṣe iná, ilẹ̀ tó ya lé e lórí ni, tàbí afẹ́fẹ́ burúkú inú règáà, ìyẹn ihò onísìmẹ́ńtì tí wọ́n ti ń so wáyà pọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Mo ti bá àwọn ìyọnu yìí pàdé lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó sì ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé gbogbo ẹ̀ pátá ló ṣeé dènà kí irin tó kan ilẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe yẹ kó rí. Kí agbaṣẹ́ṣe tó kó ọmọ wá, ó gbọ́dọ̀ ti lọ sí SBEE tó ni iná, sí SONEB tó ni omi ẹ̀rọ, sọ́dọ̀ àwọn tó ni tẹlifóònù àti fíbrù, sí mẹ́rì, kó gba àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kó tẹ́ gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì kan kó wò ó pọ̀. Àwòrán nìkan ò sì tó o. Òmíì ti pẹ́, igi tí wọ́n fi wọn ìwọ̀n nígbà yẹn ti wó, ilé tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé wáyà wà ní mítà méjì sí ògiri ẹ̀ ti di ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun tí ògiri ẹ̀ sún síwájú. Torí náà èèyàn á tún fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà látòkè délẹ̀, á wo ibi tí àpótí mítà iná wà, ibi tí wáyà ti ara opó sọ̀ kalẹ̀ wọ ilẹ̀, ìdérí règáà, ìdérí omi ẹ̀rọ, á wo ojú gudron, ìyẹn ọ̀dà títì, bóyá ìlà kan wà níbẹ̀ tí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, torí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ rí tí wọ́n wá lẹ̀ máa ń hàn. Ẹ̀rọ tó ń gbóhùn wáyà nínú ilẹ̀ wà, ẹni tó bá ní in kó gbé e rìn lórí ibẹ̀, àmọ́ kó má gbọ́kàn lé e jù, wáyà tí iná ò sí nínú ẹ̀ lásìkò yẹn lè má dún, páìpù omi oníke ò sì ní dún rárá. Ìgbà yẹn ló wá kàn kí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ihò kéékèèké síbí sọ́hùn-ún lójú ọ̀nà tí kòtò máa gbà, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tó wà níbẹ̀. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a kì í fi píọ́ọ̀ṣì ṣe é, kàtàkàtà ò sì gbọdọ̀ débẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ fún wa pé tó o bá ń gbẹ́ ilẹ̀ pupa bọ̀ tó o wá kan yanrìn funfun, dúró. Ìdí ni pé ilẹ̀ Àjàṣẹ́ lókè níbí pupa látilẹ̀wá, tẹ́ẹ bá rí yanrìn funfun nínú ẹ̀, ẹnì kan ló gbé e débẹ̀, abẹ́ wáyà àti abẹ́ páìpù sì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ yẹn gba ẹ̀mí èèyàn là. Lẹ́yìn yanrìn, nẹ́ẹ̀tì oníke ni wọ́n tún ń tẹ́ lókè wáyà kó lè kìlọ̀ fẹ́ni tó bá ń gbẹ́lẹ̀ bọ̀, ní ti àṣà táa bá lọ́wọ́ àwọn Faransé, èyí tó pupa jẹ́ ti iná, búlúù jẹ́ ti omi, aláwọ̀ ewé jẹ́ ti tẹlifóònù, yẹ́lò jẹ́ ti gáàsì. Àmọ́ tẹ́ ò bá rí nẹ́ẹ̀tì, ẹ má rò pé ilẹ̀ ṣófo, ọ̀pọ̀ wáyà àtijọ́ ò ní in, bíríkì ni wọ́n tò lé òmíì lórí, òmíì sì wà níbẹ̀ lásán.

Táa bá wá mọ ibi tó ṣófo, ó ku bí wáyà á ṣe sùn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé kó jìn tó 60 sẹ̀ńtímítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó bá máa gba abẹ́ títì kó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, 80 tàbí mítà kan, kó sì wà nínú páìpù kí ọkọ̀ ńlá má bàa tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ yọ òkúta kúrò nísàlẹ̀, ẹ tẹ́ yanrìn, wáyà á sùn lórí ẹ̀, yanrìn á tún bò ó, erùpẹ̀ tí wọ́n ti ṣa òkúta ẹ̀ á tẹ̀lé e, ẹ gún un le díẹ̀díẹ̀, nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé á wà ní bíi 20 sí 30 sẹ̀ńtímítà lókè wáyà. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ wáyà iná. Kó tiẹ̀ má rọrùn, ó kéré tán kí 30 sẹ̀ńtímítà erùpẹ̀ wà láàárín wọn, tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ó tún dáa sí i, torí lọ́jọ́ tí rọ́bà wáyà iná bá jó tàbí tí omi bá wọ̀ ọ́, iná yẹn á kó sára bàbà, bàbà ò sì ní dá a dúró sójú kan, á gbé e lọ dé inú ilé ẹni tó ń fi tẹlifóònù sétí. Wọ́n á tún ní tẹlifóònù ń kùn yùnùn-yùnùn, wáyà iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń dà á láàmú.

Ibi tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń ya. Ilẹ̀ wa yìí ń tan èèyàn. Ilẹ̀ pupa yìí, èyí táwọn Faransé ń pè ní terre de barre, tó bá gbẹ, ẹ̀gbẹ́ kòtò á dúró ṣánṣán, ẹ lè fi sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó má mira, àwọn ọmọ á máa wọlé jáde nínú ẹ̀, ọkàn wọn á balẹ̀. Kí òjò kan ṣoṣo wọ̀ ọ́ báyìí, tàbí kí ọkọ̀ oníyanrìn kan kọjá létí ẹ̀, á ya lulẹ̀ láì sọ fẹ́nì kan. Erùpẹ̀ tó gba ààyè mítà kan ní òró, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní gíga, ó tó tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀, tó bá tutù ó lè sún mọ́ méjì. Tí ìyẹn bá bo èèyàn dé àyà, kò ní lè mí mọ́, kódà kí orí ẹ̀ ṣì wà níta kó máa wò yín. Òfin iṣẹ́ ní Faransé sọ pé kòtò tóóró tó bá ti jìn ju 1.30 mítà lọ, dandan ni kí wọ́n fi pákó ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí wọ́n sì fi ààyè 40 sẹ̀ńtímítà ó kéré tán sílẹ̀ láàárín etí kòtò àti erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde. Àwọn agbaṣẹ́ṣe á ní kòtò tẹlifóònù kì í jìn tóyẹn. Irọ́ kọ́, àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń gba abẹ́ gọ́tà kọjá ńkọ́, níbi tí wọ́n bá ti ń mọ règáà ńkọ́, ibẹ̀ máa ń kọjá mítà kan àtààbọ̀ dáadáa. Kòtò mítà kan náà tún ní tiẹ̀, ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń tẹ́ wáyà, orí ẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ etí kòtò nìyẹn. Lápá ìsàlẹ̀, lọ́nà ọ̀sà, ẹ ò tiẹ̀ ní gbẹ́ jìnnà kí omi tó sun jáde, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, pákó ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wá kẹ́ẹ tó wá ọkọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dá wà nínú kòtò láì sí ẹnì kejì lókè tó ń wò ó.

Kí wọ́n gbẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n lè tẹ́ wáyà sí kí wọ́n sì bò lọ́jọ́ kan náà. Mi ò rí ìdí kankan tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ ṣí òpópónà odindi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ tí wọn ò rí i bò, kí wọ́n fi igi àti okùn yí i ká, kí wọ́n tan iná sí i lálẹ́ torí àwọn zémidjan, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, kí wọ́n gbé pákó tó nípọn sẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan kí arúgbó àti aboyún rí ibi gbà jáde.

Règáà wá ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ihò tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ yẹn lè pa èèyàn láì sí iná kankan níbẹ̀. Ó ti wà ní dídé látọjọ́ pípẹ́, ìdọ̀tí ti jẹrà síbẹ̀, atẹ́gùn tó dáa ti tán. Afẹ́fẹ́ táà ń mí, ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀ tó bíi 21 nínú ọgọ́rùn-ún, tó bá ti wá sílẹ̀ sí nǹkan bíi 19 àtààbọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọbẹ̀. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ náà wà, tó bá pọ̀ gan-an ó ń pa imú, èèyàn á rò pé òórùn ti lọ, kò lọ o, imú ni ò gbọ́ ọ mọ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù fàyàwọ́, tún wà ńbẹ̀. Etí títì ni wọ́n ti ń tà á, ó ń dà sílẹ̀, èéfín bẹntiróòlù sì wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ló ń wá, inú règáà ló máa ń lọ sùn. Kí ẹnì kan wá ṣí i kó tan iná gáàsì tó fẹ́ fi lẹ rọ́bà ojú ìsopọ̀ wáyà! A ò tíì gbàgbé iná tí kpayo dá sílẹ̀ ní Sèmè-Kraké lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Torí náà, ẹ ṣí ìdérí, ẹ jẹ́ kó mí dáadáa, ẹ fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ ẹ̀ látòkè, ẹ má tanná, ẹ má mu sìgá níbẹ̀. Tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá ṣubú, ẹ má fò wọlé tẹ̀lé e, okùn tí wọ́n ti so mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ẹ fi fà á jáde, torí bí ẹni méjì ẹni mẹ́ta ṣe ń kú sínú ihò kan náà nìyẹn, èyí tó wá gbà á là ló ń kú tẹ̀lé e.

Ní ti àrá, bàbà ń gbé e lọ jìnnà, kò dà bíi fíbrù. Bébà irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí wáyà ká lábẹ́ rọ́bà, wọ́n gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ ní gbogbo ojú ìsopọ̀, kó má já níbì kankan, kí wọ́n sì kàn án mọ́ irin tó wọ ilẹ̀. Ẹni tó bá gbójú fo ìyẹn, lọ́jọ́ tí àrá bá sán sẹ́bàá ibẹ̀, ojú ìsopọ̀ á jó, ẹni tó ń fi tẹlifóònù sọ̀rọ̀ nílé lè fara gbá a. Tí ojú ọ̀run bá sì ti ṣú, kẹ́nikẹ́ni má so wáyà pọ̀ mọ́, kí wọ́n jáde.

Ẹ̀yin ará Kétu, ilẹ̀ pupa tiyín sún mọ́ tiwa, àmọ́ tẹ́ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lápá Pobè àti Issaba, ilẹ̀ dúdú amọ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń wú lójò, ó ń sán lẹ́ẹ̀rùn, á sì máa fa wáyà, ẹ dẹ wáyà sílẹ̀ díẹ̀ kẹ́ẹ má nà án gan-an-gan, ẹ má ṣahun yanrìn. Ti Sábẹ̀ẹ́ yàtọ̀, òkúta ò jìn síbẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ máa tẹ́ wáyà sójú ilẹ̀ tí ọkọ́ àgbẹ̀ á sì máa gé e, níbi tí kò bá ti ṣeé gbẹ́ jìn, páìpù irin tàbí kọnkéré ló yẹ kí wọ́n fi bò ó.

Àwọn lébìrà gan-an ń ṣe mí láàánú. Owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà, sìlípáàsì ni wọ́n wọ̀ wọnú kòtò, kò sí akoto, kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí bọ́ọ̀tù, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé wáyà àtijọ́ tí wọ́n fi òjé bò kì í ṣe ohun téèyàn ń gé tán tó ń fi ọwọ́ yẹn jẹun láì fọ̀ ọ́, torí májèlé ni òjé. Tí nǹkan bá ṣe wọ́n, wọ́n á ní ọmọ náà ni ò fojú sílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó gba owó iṣẹ́, òun ló yẹ kó ra bàtà. Àwọn ọmọ míì sì wà tó ń lọ hú bàbà lóru láti lọ tà á, wọ́n ń já wáyà tí wọn ò mọ̀ bóyá ti tẹlifóònù ni tàbí ti iná, ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń rà á lọ́wọ́ wọn, ẹ yéé rà á.

Ohun tí mò ń bẹ mẹ́rì Àjàṣẹ́ fún ò pọ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ láti gbẹ́ ilẹ̀ tí ò bá kó àwòrán SBEE àti SONEB àti ti tẹlifóònù wá síwájú yín. Ẹ ní kí wọ́n gbé pátákó sójú iṣẹ́, kí orúkọ ọ̀gá àti nọ́ńbà tẹlifóònù ẹ̀ wà níbẹ̀, ká mọ ẹni táa máa pè tí òjò bá ń bọ̀. Ẹ má san owó tó kù fún wọn àfi tí wọ́n bá mú àwòrán ohun tí wọ́n tẹ́ gan-an wá, bó ṣe jìn tó, bó ṣe jìnnà sí ògiri ilé tó, kí ẹni tó máa gbẹ́ ibẹ̀ lọ́la má bàa gbẹ́ ẹ láì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Níbi tí iṣẹ́ Asphaltage, ìyẹn iṣẹ́ títì tí ìjọba ń ṣe, bá sì ti kù tí kò tíì dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi páìpù òfìfo sílẹ̀ kọjá lábẹ́ títì kí wọ́n tó da gudron, ẹni tó bá fẹ́ fa wáyà lọ́jọ́ iwájú á kàn gba inú ẹ̀ ni, kò ní gé títì mọ́.

Ó tún ku ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ nínú wáyà tó wà lábẹ́ ìlú yìí, lápá Oganla, lápá Attakè, lọ́nà ọ́fíìsì ìjọba, àwa àgbà táa lọ rẹ̀tírẹ́ẹ̀tì la mọ ibi tó gbà, kò sí nínú àwòrán kankan. Àwọn míì nínú wa ti lọ, àwọn tó kù ò lè rìn jìnnà mọ́. Kí mẹ́rì pè wá jọ báyìí, kí wọ́n fún wa ní àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n yà, ká jọ rin òpópónà kọ̀ọ̀kan, ká fi hàn wọ́n, kí wọ́n yà á sórí ìwé. Èmi ti ṣe tán, mi ò sì ní gba owó lórí ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ kó wá bá yín ní ọ́fíìsì, Olóòtú, mo ti fi nọ́ńbà mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé yín.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ wáyà tẹlifóònù tẹ́lẹ̀,
Àjàṣẹ́.